Nọ́ńbà mẹ́rin lára táyà
Láàárọ̀ yìí, àwa oníròyìn ọkọ̀ dúró ní Ṣàgámù kí a tó gbé ọkọ̀ tí a fẹ́ dán wò gba ọ̀nà Ìjẹ̀bú-Òde. Táyà la kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wò. Lẹ́yìn lẹ́tà DOT tí wọ́n kọ sí ẹ̀gbẹ́ táyà, ẹ wo nọ́ńbà mẹ́rin tó kẹ́yìn, ìgbà tí wọ́n ṣe táyà náà nìyẹn: 2319 ni ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2019. Bí ẹ ò bá rí i níta, ó lè wà ní ẹ̀gbẹ́ inú.

Kí táyà tó gbóná ni kí ẹ wọn afẹ́fẹ́. Ìwọ̀n tó yẹ wà lára férémù ilẹ̀kùn dírẹ́bà. Èyí tí wọ́n kọ sára táyà, òpin ohun tó lè gbà nìyẹn. Bí afẹ́fẹ́ bá kéré, ẹ̀gbẹ́ táyà á máa tẹ̀, á gbóná, á bẹ́. Fọkanáísà tó bá ń fi ojú wọn afẹ́fẹ́, ẹ sá fún un o!