Ẹ̀yìn Ọkọ̀ Eré Drag Tí Táyà Iwájú Ń Fà: Irú Suspension Wo Ni Kí A Yàn?

Ọ̀pọ̀lọpọ̀ àlàyé tí ènìyàn lè rí kà nípa suspension ẹ̀yìn (sípíríǹgì, ṣọ́ọ̀kì àti àwọn áàmù, ìyẹn ọ̀pá irin tó so táyà mọ́ bọ́dì) fún eré drag, ìyẹn eré sísá lórí ọ̀nà gbọọrọ, ni wọ́n kọ fún ọkọ̀ tí táyà ẹ̀yìn ń tì. Nínú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, agbára tó ń ti ọkọ̀ lọ máa ń gba inú àwọn áàmù ẹ̀yìn kó tó dé ara bọ́dì. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń tò ó fi máa ń ronú gidigidi lórí ibi tí wọn yóò de áàmù mọ́ àti bí yóò ṣe dagun, nítorí pé igun náà lè ti ẹ̀yìn ọkọ̀ sókè tàbí kó jẹ́ kó jókòó nígbà ìgbéra. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ tí táyà iwájú ń fà kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Táyà ẹ̀yìn rẹ̀ kò ti nǹkan kan. Ó kàn ń yí tẹ̀lé iwájú ni. Bí ènìyàn lo gbogbo ọgbọ́n ayé láti yan igun áàmù ẹ̀yìn, igun náà kò ní gbé ẹ̀yìn ọkọ̀ dúró, torí pé agbára ìgbéra kò gba ibẹ̀ kọjá. Sípíríǹgì, ṣọ́ọ̀kì, rọ́bà tí ṣọ́ọ̀kì máa ń kọlù nígbà tó bá wọlé tán, àti wheelie bar (ọ̀pá tó na sẹ́yìn ọkọ̀ kí imú rẹ̀ má bàa gòkè jù) bí ó bá wà, àwọn nìkan ló kù tí yóò gbà á dúró.

Mo ń kọ èyí nítorí pé èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi ní Maryland ń to Honda Civic hatchback kan fún eré mítà 402, irú èyí tí wọ́n ṣe láàárín 1992 sí 1995, tí àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ ń pè ní EG. Láti ìgbà tí Frank Choi ti bẹ̀rẹ̀ ìdíje Battle of the Imports ní Kalifóníà ní 1990 ni àwọn Civic kéékèèké ti gba ipò pàtàkì nínú eré yìí, àwọn ará Puerto Rico sì ti fi ọgbọ́n tiwọn kún un púpọ̀. Ọkọ̀ náà fúyẹ́, ohun èlò rẹ̀ kò wọ́n, àyè tó sì wà láàárín táyà iwájú àti ti ẹ̀yìn jẹ́ mítà 2.57. Nọ́ńbà yìí ṣe pàtàkì ju bí ènìyàn ṣe rò lọ.

Ká ní ọkọ̀ náà, pẹ̀lú awakọ̀ nínú rẹ̀, wúwo tó kílógíráàmù 1,000, tí 620 nínú rẹ̀ wà lórí táyà iwájú, tí àárín ìwúwo rẹ̀ sì ga ní ìdajì mítà láti ilẹ̀. Bí ó bá gbéra pẹ̀lú 0.8 g, ìyẹn ìdá mẹ́jọ nínú mẹ́wàá òòfà ilẹ̀, a ó sọ 1,000 di ìlọ́po 0.8, a ó tún sọ ọ́ di ìlọ́po 0.5, a ó wá fi 2.57 pín in. Ohun tí yóò jáde ni kílógíráàmù 156, ìyẹn ni ìwúwo tí yóò kúrò lórí táyà iwájú lọ sórí ti ẹ̀yìn. Iwájú yóò wá ku 464. Táyà tí a ń retí pé kó di ilẹ̀ mú ni ìwúwo ń sá kúrò lórí rẹ̀, ní àsìkò tí a nílò rẹ̀ jù lọ, nínú ẹsẹ̀ bàtà 60 àkọ́kọ́.

Ẹ kíyè sí i pé kò sí ibì kankan nínú ìṣirò yẹn tí a ti béèrè irú suspension tó wà lẹ́yìn. Mo máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn ènìyàn tó mọṣẹ́ pé bí ẹ̀yìn bá le bí òkúta, ìwúwo kò ní kúrò níwájú. Kò rí bẹ́ẹ̀. Gíga àárín ìwúwo, àyè láàárín táyà, àti bí ìgbéra ṣe lágbára tó ló ń pinnu iye tí yóò kúrò. Ohun tí suspension ń pinnu ni bí yóò ṣe kúrò, àti ohun tí imú ọkọ̀ yóò ṣe nígbà tó bá ń kúrò.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti jinlẹ̀. Bí ẹ̀yìn bá rọ̀, díẹ̀ nínú agbára tó yẹ kó gbé ìwúwo sẹ́yìn lójú ẹsẹ̀ ni bọ́dì yóò kọ́kọ́ lò láti fi gbé imú rẹ̀ sókè, nítorí náà fún àkókò díẹ̀ tí kò tó ìṣẹ́jú àáyá kan, táyà iwájú yóò ṣì ní ìwúwo ju bí ìṣirò ṣe sọ lọ. Ẹlòmíràn á ní èrè nìyẹn. Àmọ́ bọ́dì tó ti bẹ̀rẹ̀ sí í yí sókè gbọ́dọ̀ dúró níbì kan, ìgbà tí ẹ̀yìn bá sì jókòó tán tí ó dá a dúró, ìwúwo tó kúrò níwájú yóò ju 156 lọ fún ìgbà díẹ̀, kó tó tún padà sílẹ̀. Lásìkò yẹn gan-an ni táyà iwájú máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í yí lásán, tàbí kó máa ta pọ́n-ún pọ́n-ún lórí ilẹ̀ títí ṣááfútì á fi ṣẹ́. Bí imú bá sì ti gòkè, táyà iwájú kò ní dúró gbọọrọ mọ́, alignment rẹ̀ á yí padà, àárín ìwúwo pàápàá á gòkè díẹ̀, ìyẹn á sì fi kún wàhálà tó wà nílẹ̀. Ẹ̀yìn tó le kò dá ìwúwo dúró, ó kàn ń jẹ́ kó lọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kó sì dúró síbi tó yẹ kó dúró. Ìyẹn ni awakọ̀ lè kọ́, tó sì lè fi ẹsẹ̀ rẹ̀ tọ́jú.

Ó wá ku bí yóò ṣe le tó. Kílógíráàmù 156 yẹn pín sórí táyà ẹ̀yìn méjì, ìyẹn 78 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí agbára sípíríǹgì, gẹ́gẹ́ bí táyà ṣe mọ̀ ọ́n lára, bá jẹ́ kílógíráàmù 2 fún mìlímítà kan, ẹ̀yìn yóò jókòó ní mìlímítà 39. Bí ó bá jẹ́ 10, kò ní jókòó tó mìlímítà 8. Mo sọ pé gẹ́gẹ́ bí táyà ṣe mọ̀ ọ́n, nítorí pé lára áàmù ìsàlẹ̀ EG, ibi tí ṣọ́ọ̀kì àti sípíríǹgì jókòó sí kò dé ọ̀dọ̀ táyà. Bí sípíríǹgì bá rìn ní 7 nígbà tí táyà bá rìn ní 10, nǹkan bí ìdajì agbára rẹ̀ péré ni táyà yóò rí, nítorí pé a ó sọ 0.7 di ìlọ́po ara rẹ̀, torí náà sípíríǹgì tí wọ́n kọ 20 sí lára kò ní ju 10 lọ lọ́dọ̀ táyà. Ẹni tó bá fi nọ́ńbà ọkọ̀ mìíràn ra sípíríǹgì láìwọn ibi tó jókòó sí yóò kan fi owó ṣòfò ni.

Bí a bá ti yan sípíríǹgì báyìí, ẹ wo bí ìbéèrè irú suspension ṣe kéré sí i. EG ní áàmù gígùn kan tó na láti iwájú wá sẹ́yìn, pẹ̀lú áàmù òkè, áàmù ìsàlẹ̀, àti ọ̀pá kékeré kan tó ń darí bí táyà ṣe kọjú. Àléébù rẹ̀ ni pé táyà máa ń yà díẹ̀ bí ẹ̀yìn bá ń lọ sókè sódò, àti pé búṣì ńlá tó wà níwájú áàmù gígùn náà máa ń ya bó bá ti gbó. Ṣùgbọ́n nígbà tí táyà kò bá rìn ju mìlímítà 8 lọ, yíyà náà kéré débi pé kò lè yí eré padà. Búṣì ni iṣẹ́ gidi wà. Èyí tó le gan-an tí kò lè yí sí gbogbo ọ̀nà máa ń há áàmù mọ́lẹ̀, nítorí náà bọ́ọ̀lù irin tó lè yí sí gbogbo ìhà ni mo fara mọ́.

Torsion beam, ìyẹn irin kan tó so áàmù ẹ̀yìn méjèèjì pọ̀ tó sì lè lọ́, irú èyí tí Volkswagen fi sábẹ́ Golf láti 1974 tí gbogbo wa ní Nàìjíríà sì mọ̀ dáadáa, dára púpọ̀ fún iṣẹ́ yìí. Ohun tó lè bàjẹ́ nínú rẹ̀ kò pọ̀, táyà kì í fi bẹ́ẹ̀ yà, irin àárín rẹ̀ sì ń ṣe iṣẹ́ ọ̀pá tí kì í jẹ́ kí ọkọ̀ fì sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ẹni tó bá ní Golf kò ní ìdí kankan láti yọ ọ́. Bí ènìyàn bá ń fi páìpù to ọkọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, igi irin gbọọrọ kan tó so táyà méjèèjì pọ̀ ló fúyẹ́ jù tó sì rọrùn jù, kìkì pé kó má ṣe gbàgbé pé búréèkì máa ń fẹ́ lọ́ igi náà yí, àti pé ó nílò ọ̀pá kan tí kò ní jẹ́ kó sún sí ọ̀tún tàbí sí òsì. Ní ti àwọn tó ń yọ ṣọ́ọ̀kì kúrò tí wọ́n ń fi irin lásán rọ́pò rẹ̀, mi ò gbà wọ́n níyànjú. Òfin NHRA, ẹgbẹ́ tó ń darí eré drag ní Amẹ́ríkà, béèrè ṣọ́ọ̀kì kan tó ń ṣiṣẹ́ fún gbogbo táyà tó wà lórí sípíríǹgì, kódà bí òfin kò bá sí, ọkọ̀ tó kàn ń fì lórí táyà nìkan kò ní ohun tí yóò mú un dákẹ́ bó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í fò.

Wheelie bar ni ohun tó yí èrò mi padà jù lọ. Ọ̀pá yìí máa ń na sẹ́yìn láti ara bọ́dì, pẹ̀lú táyà kékeré ní ìparí rẹ̀, tí yóò fi dà bí ìgbà tí ọkọ̀ gùn sí i. Ká ní táyà kékeré náà wà ní mítà 1.2 sẹ́yìn táyà ẹ̀yìn, tí ó sì gba gbogbo àfikún ìwúwo ìgbéra. Nígbà náà a ó fi 3.77 pín dípò 2.57, iwájú yóò sì pàdánù 106 dípò 156. Kílógíráàmù 50 nìyẹn tí a fi sílẹ̀ lórí táyà tó ń ṣiṣẹ́, láìfi ẹyọ irin kan kún iwájú. Àmọ́ kí ọ̀pá náà tó lè gba ẹrù, ẹ̀yìn ọkọ̀ gbọ́dọ̀ gbára lé e. Bí sípíríǹgì bá le jù, òun ni yóò gba ẹrù náà, ọ̀pá yóò kàn máa fì lásán. Níbi tí wheelie bar tó lágbára bá wà, sípíríǹgì tó le kọjá ààlà ń ba iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀pá tó bá ń ti ilẹ̀ jù yóò gbé táyà ẹ̀yìn kúrò nílẹ̀, ọkọ̀ kò sì ní gbọ́ràn mọ́.

Ìdí kejì tí mi ò fi fẹ́ kí sípíríǹgì le jù wà ní òpin ojú ọ̀nà. Táyà ẹ̀yìn kọ̀ọ̀kan gbé kílógíráàmù 190 nígbà tí ọkọ̀ bá dúró. Lórí sípíríǹgì 10, ìyẹn jẹ́ kó wọlé ní mìlímítà 19 péré, nítorí náà ihò tó bá jìn ju bẹ́ẹ̀ lọ lè mú kí táyà kúrò nílẹ̀. Nígbà tí a bá tẹ búréèkì ní 0.8 g, 78 nínú 190 náà ti lọ síwájú, ó wá ku mìlímítà 11. Lórí eré tó sún mọ́ kílómítà 241 ní wákàtí kan, ìyẹn ibi tí NHRA ti sọ páráṣúùtì di dandan, ìyẹn kò tẹ́ mi lọ́rùn.

Nítorí náà, suspension tí Honda ṣe fún EG la fi sílẹ̀, pẹ̀lú bọ́ọ̀lù irin dípò búṣì, sípíríǹgì tó jẹ́ 8 lọ́dọ̀ táyà, àti wheelie bar tí táyà rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ bá dúró. Ẹ̀yìn náà yóò wọlé ní nǹkan bíi mìlímítà 24 lórí ìdúró. Ṣọ́ọ̀kì tí a yàn le bó bá ń wọlé, ó sì rọ̀ díẹ̀ bó bá ń jáde, kí táyà lè tètè padà sílẹ̀ nígbà tí búréèkì bá gbé ẹ̀yìn sókè. A sì jẹ́ kí iwájú táyà ẹ̀yìn méjèèjì kọjú sínú díẹ̀, kí ọkọ̀ má bàa fẹ́ fi ẹ̀yìn darí ara rẹ̀ nígbà tí awakọ̀ bá gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí tọ́tù (ibi tí a ń tẹ̀ kí ọkọ̀ lè sáré).