Bí orí olùjẹ́jọ́ yín bá ti pé, ẹ má jẹ́ kí fáìlì rẹ̀ sùn

Ẹ̀yin tí ẹ ní ènìyàn ní ọgbà ẹ̀wọ̀n Òkè-Kúrá tàbí Màndàlá ní Ìlọrin, tí kóòtù dá ẹjọ́ rẹ̀ dúró nítorí àìsàn ọpọlọ, ọ̀rọ̀ yín ni mo ń sọ. Ara rẹ̀ lè yá tán kí ó ṣì jókòó síbẹ̀, torí pé kò sí ẹni tó sọ fún adájọ́.

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe àbúrò mi. Wọ́n ní ó dáná sun ṣọ́ọ̀bù kan ládùúgbò wa. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ gbé e dé kóòtù, òun àti ẹni tí a kò rí ló jọ ń sọ̀rọ̀. Adájọ́ ní kí dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, ẹjọ́ sì dúró. Oògùn ṣiṣẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè àwọn ọmọ mi lórúkọ lórúkọ. Síbẹ̀ fáìlì kò kúrò lójú kan. Ìyá wa rò pé bí ara bá ti yá, ilé ló kàn. Rárá o. Ẹjọ́ tó dúró kò kú. Wọ́n lè pè é padà bí olùjẹ́jọ́ bá ti lè tẹ̀lé ohun tó ń lọ, tó sì lè bá lọ́yà rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Ìwé dókítà tuntun ló ṣí ọ̀nà fún wa. Kì í ṣe èyí tó kàn ní "ó ń gba ìtọ́jú" o, èyí tó sọ ọ́ gbangba pé ó lè jẹ́jọ́ báyìí ni. Bí ẹ kò bá lówó lọ́yà, ẹ lọ bá Legal Aid Council, àjọ ìjọba tó ń fún aláìní ní lọ́yà lọ́fẹ̀ẹ́.

Ẹ má jẹ́ kí oògùn já lẹ́nu rẹ̀ láàárín ìgbẹ́jọ́. Ti àbúrò mi máa ń mú un tòògbé, lọ́yà sì tètè ṣàlàyé fún adájọ́. Wọ́n tún ẹ̀sùn kà, ògbufọ̀ sọ ọ́ ní Yorùbá. Àbúrò mi di irin iwájú rẹ̀ mú: "Ó yé mi, sà. Mi ò jẹ̀bi."

Bí orí rẹ̀ ṣe wà lọ́jọ́ tí nǹkan ṣẹlẹ̀, ọ̀tọ̀ nìyẹn. Abala 51 nínú Penal Code, ìwé òfin ọ̀daràn tí a ń lò ní Kwara, ló sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀, ọrùn olùjẹ́jọ́ sì ni ẹ̀rí wà. Bí ẹ bá fi hàn pé àìsàn ni, kóòtù ṣì lè ní kí wọ́n tọ́jú rẹ̀ síbì kan, kì í ṣe ilé tààrà. Ẹ bi lọ́yà dáadáa kí ẹ tó gba ọ̀nà yìí. Káàdì ọsibítù àtijọ́, ìwé oògùn, ẹ kó gbogbo rẹ̀ fún un. Àáfà tí ẹ kọ́kọ́ gbé e lọ bá náà lè wá sọ ohun tó fojú rí.