Sítíkà i7 tó tàn mí jẹ

Tábìlì pókà mẹ́rin ni mo ṣí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì lálẹ́ ọjọ́ náà. Ẹnì kan da gbogbo owó iwájú rẹ̀ sílẹ̀, mo yára wo ẹ̀gbẹ́ orúkọ rẹ̀, níbi tí sọ́fítíwíà mi máa ń kọ nọ́ńbà bó ṣe ń ta káàdì sí, kí n lè mọ irú èèyàn tó jẹ́, òfìfo ni mo bá níbẹ̀. Mo ju káàdì mi nù. Nígbà tí nọ́ńbà rẹ̀ máa fi yọ, wọ́n ti pín káàdì mìíràn, mo wá rí i pé kò sí káàdì tí ọ̀gbẹ́ni náà kì í fi wọlé. Ó dá mi lójú pé irọ́ ló fi lé mi kúrò.

Láptọ́ọ̀pù ọ̀hún kò tíì pé oṣù kan lọ́wọ́ mi. Computer Village ní Ìkẹjà ni mo ti rà á, tòkunbọ̀ tó mọ́ tónítóní. Mo rí sítíkà i7 lára rẹ̀, orúkọ processor tó jẹ́ ọpọlọ kọ̀ǹpútà, wọ́n ní ó ní graphics card, hard disk rẹ̀ jẹ́ 1TB, inú mi dùn. Ẹni tó tà á fún mi kò parọ́ o. Èmi ni mi ò mọ ohun tó yẹ kí n béèrè.

PokerTracker 4 àti Hold'em Manager 3, irú sọ́fítíwíà tó ń kọ nọ́ńbà wọ̀nyẹn, kì í ṣe géèmù rárá. Ilé ìkówèésí ni ẹ kà wọ́n sí. Bí ẹ bá ti ta ọwọ́ kan, ìyẹn ìpín káàdì kan, tán, ìkànnì tí ẹ ti ń ta á kọ ọ́ sínú fáìlì kan. Sọ́fítíwíà náà á ka fáìlì yẹn, á tú u palẹ̀, á kó o sínú database PostgreSQL, ìyẹn ibi tó ń to àkọsílẹ̀ sí, á tún ìṣirò gbogbo ẹni tó wà ní tábìlì ṣe, á wá gbé nọ́ńbà tuntun sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ wọn. Tábìlì mẹ́rin tí èèyàn mẹ́fà wà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, alátakò 20 nìyẹn, gbogbo wọn ló ń béèrè nǹkan lọ́wọ́ dísíìkì lẹ́ẹ̀kan náà. Hard disk láptọ́ọ̀pù mi, awo tó ń yí ni, pẹ̀lú orí kékeré kan tó ń sáré káàkiri lórí rẹ̀ bí ẹni tí abẹ́rẹ́ rẹ̀ sọnù. Mo ṣí Task Manager, ojú ewé Windows tó ń fi iṣẹ́ inú kọ̀ǹpútà hàn: Disk wà ní 100%, processor tí mo torí rẹ̀ náwó kò ṣiṣẹ́ dé 30%.

Mo yọ hard disk yẹn, mo fi SSD 500GB, dísíìkì tí kò ní awo tó ń yí, sí i. Kò sí ohun mìíràn tí mo ṣe lọ́jọ́ yẹn. Ìròyìn bí mo ṣe ta káàdì fún ọdún kan tí mo máa ń ní kí sọ́fítíwíà náà gbé jáde kí n tó lọ rokà, ó jáde kí n tó dìde lórí àga. Ṣùgbọ́n ọ̀kánjúwà mú mi: mo ní kí n gbé database lọ sórí hard disk alágbèéká tí a ń fi USB so, kí àyè lè wà. Bí nǹkan ṣe tún padà sí ti tẹ́lẹ̀ nìyẹn. Inú SSD ni kí ẹ jẹ́ kó wà. Àdàkọ tí ẹ bá fẹ́ fi pamọ́ ni kí ẹ gbé síta.

RAM ló kàn, ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sí. 4GB ni tèmi, Windows àti Chrome nìkan ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ ẹ́ tán. 8GB á gbé yín débì kan, 16GB ni kí ẹ lé bí agbára bá wà. Kí ẹ tó sanwó, ẹ ṣí Task Manager níwájú ẹni tó ń tà á, ẹ wo "Slots used", iye ààyè RAM tó ti kún. Àwọn kan wà tí wọ́n ti jó RAM mọ́ bọ́ọ̀dù, bí ẹ ṣe rà á ni ẹ máa lò ó títí.

Ní ti processor, orúkọ i7 ò tó. i7-4600U ni tèmi, core, ìyẹn ẹ̀ka tó ń ṣiṣẹ́ nínú processor, méjì péré ló ní. i5-8250U ní mẹ́rin, Windows 11 sì gbà á, bẹ́ẹ̀ kò gba tèmi. Graphics card? Ooru ló ń mú wá, ó sì ń mu bátìrì. Kódà PioSOLVER, sọ́fítíwíà tó ń ṣírò ọ̀nà tó dáa láti ta káàdì, tó wúwo ju àwọn tó kù lọ, RAM àti processor ló ń jẹ. Owó yẹn, ojú kọ̀ǹpútà tó fẹ̀ dé 1920×1080 ni kí ẹ fi rà, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ àwọn tábìlì á máa gun ara wọn lórí.

Ẹ kọ́kọ́ ka òfin ìkànnì yín náà. GGPoker, ìkànnì pókà kan, kò gba kí ẹ fi irú sọ́fítíwíà yìí wo nọ́ńbà alátakò nígbà tí ẹ bá ń ta lọ́wọ́.

Mo tún kọ́ láti máa tẹ powercfg /batteryreport lórí tòkunbọ̀ èyíkéyìí, kí n fi agbára bátìrì nígbà tó wà ní tuntun wé èyí tó kù. Èyí tí mo ń lò báyìí lè gbé mi fún wákàtí mẹ́ta bí NEPA bá múná lọ. Alẹ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n mú un lọ, láptọ́ọ̀pù ń ṣiṣẹ́ lọ geerege, nọ́ńbà gbogbo wà nípò, router ló kú.