Dágunró Dá Mi Dúró Lọ́nà Ìlobùú

Dá-ogun-dúró ni àwọn tó sọ ewéko yìí lórúkọ pè é, wọn ò sì purọ́ mọ́ ọn. Ẹ wá a lọ sójú ọ̀nà oko nígbà ọyẹ́, nígbà tí gbogbo ara rẹ̀ bá ti gbẹ, kí ẹ gbé hóró rẹ̀ kan lé àtẹ́lẹwọ́. Kò ju hóró àgbàdo lọ. Ẹ̀gún wẹ́wẹ́ bò ó láti ìdí dókè, àwọn méjì tó gùn jù sì yọ lórí rẹ̀ bí ìwo òbúkọ. Ó máa ń lẹ̀ mọ́ aṣọ, ó máa ń lẹ̀ mọ́ irun ewúrẹ́. Lọ́jọ́ Sátidé kan nínú oṣù Ṣẹẹrẹ, táyà kẹ̀kẹ́ mi ló lẹ̀ mọ́.

Láti Òṣogbo, Ìlobùú ni mò ń lọ. Ọ̀rẹ́ mi kan dá oko ẹ̀gẹ́ sọ́hùn-ún, kò jìnnà sí odò Erinlẹ̀, ó sì ti ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ láti ọjọ́ pípẹ́ pé orí ọ̀dà nìkan ni kẹ̀kẹ́ mi mọ̀ ọ́n rìn. Kò kúkú parọ́. Òkè-Fìà sí Ọjà Ọba ni tèmi, bí àlejò bá sì wá, mo máa ń mú un dé ẹnu Igbó Ọ̀ṣun, nítorí láti ìgbà tí UNESCO ti kà á mọ́ ogún àgbáyé ní 2005, ibẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń béèrè. (Ẹ má gun kẹ̀kẹ́ lọ síbẹ̀ nígbà ọdún Ọ̀ṣun nínú oṣù Ògún o. Èrò ò ní jẹ́ kẹ́ ẹ ríbi gbẹ́sẹ̀ lé.)

Aago méje ni mo kúrò nílé. Ọyẹ́ mú gan-an, ètè mi ti bẹ́ kí n tó dé Òkínní. Mo kọjá Òkínní tán, tírélà méjì tẹ̀lé ara wọn sá kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, atẹ́gùn wọn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé mi jù sí kòtò. Ni mo bá yà sí ojú ọ̀nà tí àwọn màlúù ti tẹ̀ sínú igbó, mo ní ibẹ̀ ni ìfọ̀kànbalẹ̀ wà. Ọ̀nà ọ̀hún sì dùn ún gùn! Ó rọ̀, ó tutù, kò sí ẹni tó ń fun fèrè mọ́ni. Mi ò wolẹ̀ rárá.

Tó bá jẹ́ ẹ̀gún ló gún táyà, kì í bẹ́ gbàù. Díẹ̀díẹ̀ ni. Ìdí kẹ̀kẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fì sọ́tùn-ún, ó ń fì sósì bí ìdí pẹ́pẹ́yẹ, kí n sì tó bọ́ọ́lẹ̀, rímù ti ń kan ilẹ̀. Kò bà mí lẹ́rù. Mo tú táyà, mo fa túùbù yọ, mo rí ihò, mo ha ojú rẹ̀, mo fi sòlúṣọ̀n sí i, mo lẹ̀ ẹ́. Mo tún gùn ún. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó tún ti jò. Mo tún lẹ̀ ẹ́. Nígbà tó máa jò lẹ́ẹ̀kẹta, sòlúṣọ̀n ti tán, omi mi ti fẹ́ẹ̀ tán, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í ti kẹ̀kẹ́ padà sí Òkínní.

Ẹni tó bá ń ti kẹ̀kẹ́ nínú oòrùn máa ń rí àyè ro ìròkurò. John Boyd Dunlop ni mo ń bá jà lọ́kàn mi. Dókítà ẹranko ni ọkùnrin náà ní Belfast. Kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ọmọ rẹ̀ ló ṣe táyà onítẹ́gùn fún, ó sì gba ìwé àṣẹ lórí rẹ̀ ní 1888. Ká ní ó fi í sílẹ̀ bí wọ́n ṣe ń lò ó tẹ́lẹ̀, rọ́bà ki, kí ni dágunró ì bá fi mí ṣe? Àmọ́ tí mo bá rántí ìdí ara mi, mo tún máa ń forí jì í.

Bàbá fọkanáísà kan wà lábẹ́ igi máńgòrò létí títì. Mo kí i, "Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá." Ó gba túùbù, ó wo ojú ibi tí mo lẹ̀, ó ní, "O lẹ̀ ẹ́ dáadáa. Ẹ̀gún ọ̀hún wá ńkọ́?"

"Ẹ̀gún wo, Bàbá?"

"Èyí tó gún ọ."

Mo ní mi ò rí ẹ̀gún kankan, mo ti fọwọ́ ra inú táyà. Bàbá rẹ́rìn-ín. Ó mú àkísà òwú kan, ó rọra fi í nu inú táyà yípo. Ó dé ibì kan, òwú há. Ó fi èékánná tẹ ibẹ̀, ó ní kí n sún mọ́ ọn. Ṣóńṣó kan ló yọ níbẹ̀, kò tó ìdajì hóró ìrẹsì, tí ara táyà bo gbogbo ìyókù rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ìta ló ti fi púláyà fà á jáde. Nítorí náà, ẹ̀gún kan náà ló gún mi lẹ́ẹ̀mejì.

Lẹ́ẹ̀kẹta ńkọ́? Ó ri túùbù bọ inú abọ́ omi, omi sì ń hó wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ lójú méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, bí ibi tí ejò bu èèyàn ṣán. Ó ní, "Ìwọ lo ṣe èyí fúnra rẹ. Atẹ́gùn ò pé nínú rẹ̀, o wá gun òkúta, rímù sì gé e." Ó rẹ̀ mí nígbà tí mo ń fún atẹ́gùn sí i, òótọ́ ni. Ẹ̀gbẹ́ táyà mi kọ ọ́ gàdàgbà: 40 sí 65 PSI, ìyẹn ìwọ̀n bí atẹ́gùn inú rẹ̀ ṣe gbọ́dọ̀ le tó. Mi ò ka nǹkan ọ̀hún rí, àtàǹpàkò ni mo fi ń wọ̀n ọ́n.

Ìtìjú tó kù sì wà níwájú. Bàbá tan ẹ̀rọ atẹ́gùn rẹ̀, ó pariwo gbogbo àdúgbò, ẹnu rẹ̀ ò sì wọ fáàfù mi. Fáàfù tẹ́ẹ́rẹ́ ni tèmi, tọkọ̀ àti tọ̀kadà ni tirẹ̀. Pọ́ǹpù ọwọ́ mi ni mo fi fún un, ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ jókòó tì mí, ó ń kà á sókè. Ó kà dé igba.

Láàárọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè ni mo ti gbé rímù lọ fún oníwẹ́dà, ó lu ihò rẹ̀ fẹ̀ láti mílímítà 6.5 sí 8.5, kí fáàfù tó tóbi lè gba ibẹ̀. Rímù mi nípọn ni o, ẹni tí tirẹ̀ bá tẹ́ẹ́rẹ́ kó má dán an wò. Mo pààrọ̀ táyà ẹ̀yìn, nítorí èyí tí mo ń gùn ti lọ, ara rẹ̀ ti ń dán bí orí apárí. Ohun tó wá ṣe mí lóore jù ni ti Bàbá: túùbù ọ̀kadà àlòkù tí a là gbọọrọ, tí a tẹ́ sáàárín táyà àti túùbù. Ẹ fá etí rẹ̀ méjèèjì kó fẹ́lẹ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ etí yẹn fúnra rẹ̀ á máa ha túùbù títí tó fi máa lu. Ẹ bu àtíkè sí i kó má lẹ̀ mọ́ra. Kẹ̀kẹ́ wúwo sí i díẹ̀, mo gbà. Omi rọ́bà tí wọ́n ń rọ sínú túùbù náà ń ṣiṣẹ́ fún ihò kékeré, ṣùgbọ́n ooru tiwa ń tètè gbẹ ẹ́, owó rẹ̀ kò sì kéré. Èmi fi í sílẹ̀.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mo tún gba ọ̀nà màlúù náà. Ní gbogbo ibi tí mo bá ti rí dágunró, mo máa ń sọ̀kalẹ̀, máa yí táyà, máa fi ẹ̀yìn bàtà gbọ̀n ọ́n kó tó wọlé. Ọ̀rẹ́ mi ń dúró létí Erinlẹ̀. Ó wo táyà méjèèjì, ó fún wọn, wọ́n le koko. Lẹ́yìn náà ló wo ṣòkòtò mi láti orúnkún wálẹ̀, ó sì bú sẹ́rìn-ín. A jókòó sórí àpáta létí odò, à ń ṣa dágunró lọ́kọ̀ọ̀kan, a sì ń jù ú sínú omi.