Gaa Ṣábẹ̀ àti owó wàrà Màmá

Lọ́jọ́ kejì Àjíǹde tá a wà nílé ní Ṣábẹ̀, lórílẹ̀-èdè Benin, mo ní kí gbogbo ilé múra ká lọ wo gaa. Àbígbẹ̀yìn mi, ọmọ Àjàṣẹ́, ìyẹn Porto-Novo, pátápátá, ló bá ní "gàrí? ṣé gàrí tán nílé ni?" Ẹ̀rín pa wá o. Mo ní gaa, ibi tí ọkọ̀ ojú irin ń dúró sí, ó lóun ò rí ọ̀kan rí, òótọ́ sì ni, ibo ló ti fẹ́ rí i nígbà tó jẹ́ pé ọkọ̀ èrò ti dáwọ́ dúró kí n tó bí i.

Ká má parọ́, kò sí nǹkan rẹpẹtẹ níbẹ̀. Koríko láàárín irin, ewúrẹ́ méjì lábẹ́ òjìji. Àwọn ọmọ ń fẹsẹ̀ wọn àárín irin méjèèjì, bàbá wọn ní mítà 1 ni, bí àwọn Faransé ṣe tò ó nìyẹn, láti Kútọnù ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, ó di 1936 kí wọ́n tó dé Paraku, kìlómítà 438, wọ́n láwọn ń lọ Nìjẹ̀r àmọ́ Paraku náà ni irin parí sí, láti ibẹ̀, kamió, ìyẹn ọkọ̀ akẹ́rù, ló máa ń gbé ẹrù tó ń lọ Nìjẹ̀r. Ọmọ mi ọkùnrin ti ń yán.

Màmá ò tiẹ̀ gbọ́ ìyẹn. Nígbà tó wà lọ́mọge, wàrà ló ń tà níbẹ̀, wàrà pupa àwọn Fúlàní. Ó kúrò lọ́dọ̀ wa, ó ń rìn lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ irin bí ẹni ń ka ẹsẹ̀, ó dúró, ó padà sẹ́yìn díẹ̀, ó ní "ibí ni." Ibí ni kí ni? Ó ní ibẹ̀ ni wágọ́nù àwọn mẹ̀kúnnù máa ń dúró sí, àwọn yẹn ló ń rà, àwọn olówó iwájú á ní ó ń rùn. Ó na ọwọ́ sókè bí ẹni gbé àwo sójú fèrèsé, ó ní tí ọkọ̀ bá ti fun fèrè, gba owó kó o tó jọ̀wọ́ wàrà, torí ẹni tó bá kọ́kọ́ jọ̀wọ́ wàrà, Paraku ló máa lọ gbowó ẹ̀.

"Màmá àgbà, ṣé wọ́n jẹ yín lówó rí?"

"Ẹnì kan. Ó dé fìlà funfun, ó lóun á san án tóun bá ń bọ̀."

Nígbà tá a ń padà, a ra wàrà lójú títì. Ọmọbìnrin tó ń tà á kó o fún wa ká tó mú owó jáde, Màmá sì bá a wí títí ó fi rẹ̀ mí.