Èrè wà nínú yíyá ẹgbẹ́ ìgbèríko lówó

Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi ṣiṣẹ́ ìyánilówó ní báńkì kékeré kan ní Òṣogbo, tí mo ń gun ọ̀kadà lọ sí àwọn abúlé apá Ìlobùú àti Ìfọ́n. Àwọn ọ̀gá a máa sọ pé kò sí èrè nínú yíyá ará oko lówó, pé àánú lásán ni. Kò rí bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká ní ẹ yá ẹnì kan ní ₦50,000, tí èlé jẹ́ náírà 3 lórí ọgọ́rùn-ún lóṣù. ₦1,500 lẹ ó rí. Owó ọ̀kadà àlọ àtàbọ̀ àti owó-oṣù òṣìṣẹ́ yóò ti jẹ ẹ́ tán. Ṣùgbọ́n ẹ yá ẹgbẹ́ ẹni ogún ní ₦1,000,000: èlé oṣù àkọ́kọ́ di ₦30,000, ẹ̀ẹ̀kan náà sì ni òṣìṣẹ́ yín lọ. Ẹgbẹ́ ló ń gba owó jọ, ẹgbẹ́ ló sì mọ ẹni tó ń purọ́ pé ẹ̀gẹ́ òun rà sóko. Iṣẹ́ báńkì ni wọ́n ń bá a ṣe, nítorí náà, ẹ má fi èlé gọbọi pa wọ́n.

Ẹgbẹ́ wo ló yẹ ní yíyá? Èyí tó ti ń dá àjọ kó tó gbúròó báńkì ni. Mo máa ń ní kí akọ̀wé gbé ìwé àjọ jáde. Bí ìwé náà bá mọ́ tónítóní, tó jẹ́ báírò kan ló kọ gbogbo rẹ̀, alẹ́ àná ni wọ́n kọ ọ́. Ìwé tòótọ́ ń fi ẹni tó pa ọ̀sẹ̀ jẹ hàn, àti ẹni tó san owó ìtanràn. Nígbà tí NABARD, báńkì ìjọba fún iṣẹ́ àgbẹ̀ àti ìdàgbàsókè ìgbèríko ní Íńdíà, bẹ̀rẹ̀ irú ètò yìí ní 1992, ẹgbẹ́ 500 ni wọ́n fojú sí láti fi dán an wò; ẹgbẹ́ á kọ́kọ́ tọ́jú owó, wọ́n á yá ara wọn, kí báńkì tó yá wọn ní ìlọ́po ohun tí wọ́n tọ́jú. Ní ti ẹgbẹ́ tó kóra jọ nítorí ìdìbò, ẹ yẹra. Owó ìjọba ni wọ́n kà á sí.

Ọjọ́ ìsanwó ló ń ba nǹkan jẹ́ jù. Obìnrin tó ń yan gàrí lè san lọ́jọ́ ọjà. Àgbẹ̀ tó gbin àgbàdo kò ní nǹkan kan lọ́wọ́ títí yóò fi ya á. Bí ẹ bá ní kó máa san lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, yóò lọ yáwó lọ́dọ̀ olówó-èlé láti fi san tiyín, ẹ ó sì máa yọ̀ pé ó ń san dáadáa. Ẹ tún fún un láyè díẹ̀ lẹ́yìn tó bá ya á, torí ìgbà yẹn ni àgbàdo ń pọ̀ lọ́jà tí iye rẹ̀ sì ń já wálẹ̀.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ náà, ẹ ní àpò ọ̀tọ̀ tí ẹ ó fi san ti ẹni tí àìsàn bá dá dúró, kí ẹ sì kọ ọ́ sínú ìwé kí owó tó wọlé. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti lọ gbé agbada ìyangàrí obìnrin tó wà lórí àìsàn nítorí gbèsè. Inú mi kì í dùn sí i rárá. Bó bá dìde, kí ni yóò fi wá owó náà?