Ọjọ́ Tí Mo Fẹsẹ̀ Wa Bàálù ní Kent

£18! Láti ibùdókọ̀ ojú irin dé pápá bàálù kékeré kan ní Kent, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kò tó máìlì 3. Mo bi awakọ̀ takisí náà bóyá ó fẹ́ fò mí débẹ̀ ni. Kò rẹ́rìn-ín. Bẹ́ ẹ bá ń lọ, ẹ yáa gbé kẹ̀kẹ́ yín wọ ọkọ̀ ojú irin.

Inú ti ń bí mi tẹ́lẹ̀ ni. Lóṣù tó kọjá, mo sanwó fún ilé-ẹ̀kọ́ ìwakọ̀ òfuurufú kan níbòmíràn. Mo débẹ̀, ìkúùkù ti wálẹ̀, wọ́n ní kò sí fífò. Ìyẹn ò burú, ẹni tó ń fojú wá ọ̀nà kò gbọdọ̀ wọnú ìkúùkù. Àmọ́ wọn ò pè mí láàárọ̀, wọn ò sì dá owó mi padà.

Ẹ̀gbọ́n kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ló júwe ẹgbẹ́ awakọ̀ bàálù tó wà ní pápá Kent yìí fún mi. Alájẹṣẹ́kù pọ́ńbélé ni. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ló ni bàálù. Wọ́n ń dá owó oṣooṣù, wọ́n á tún san owó wákàtí tí wọ́n bá fò. Akápò wọn ò gba kọ́bọ̀. Nígbà tí mo dé, bàbá kan ń gé koríko ojú pápá, torí orí koríko ni wọ́n ti ń gbéra. Ìyá kan ń fi kànìnkànìn ha òkú kòkòrò kúrò lára apá bàálù. Mo pe ìyá náà ní òṣìṣẹ́. Àṣé àwọn ni alága!

Olùkọ́ mi, ọmọdékùnrin kan báyìí, bi mí pé kílò mélòó ni mí. Ní gbangba. Cessna 152 ni bàálù náà, ẹni méjì péré ló ń gbà, tòun tèrò tepo kò sì gbọdọ̀ ju kílò 757 lọ. Mo yọ 6 kúrò nínú tèmi. Ó wò mí tòkètilẹ̀, ó fi 8 kún un.

Ó fa epo díẹ̀ sínú ife ike, ó gbé e sójú ìmọ́lẹ̀. Ó dà bí aró tí wọ́n bomi là. Ó ń wò ó bóyá omi wà nínú rẹ̀. Bó bá wà níbẹ̀, ìsàlẹ̀ ló máa wà.

Ìtìjú wá dé. Bá a ṣe ń fi bàálù rìn lọ síbi tó ti máa sáré gbéra, mo yí ìdarí bí ẹni ń yí Corolla. Bàálù ò dá mi lóhùn, inú koríko gíga ló dorí kọ. “Ẹsẹ̀! Ẹsẹ̀!” Ẹsẹ̀ la fi ń darí rẹ̀ nílẹ̀, ọwọ́ ò níṣẹ́ níbẹ̀. A rìn bí ọ̀mùtí dé ìkángun pápá, bẹ́ẹ̀ owó ti ń kà látìgbà tí ẹ́ńjìnnì ti tàn.

Bá a ṣe ń sáré, olùkọ́ mi ní kí n fa ìdarí díẹ̀. Gbígbọ̀n orí koríko dáwọ́ dúró lẹ́ẹ̀kan náà. Lókè, ó gbọ́wọ́ méjèèjì kúrò, ó ní ó ku èmi. Mo dì í mú bí adìẹ ọdún. Ó ní ìka méjì tó. Lóòótọ́, bí mo ṣe tú ọwọ́ ni bàálù náà farabalẹ̀.

Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó kéré tán, wákàtí 45 lèèyàn ń fò kó tó gba láísẹ́ǹsì awakọ̀ bàálù aládàáni (PPL), òun nìkan ló sì máa fò 10 nínú rẹ̀. Mo ṣírò owó rẹ̀ nídìí tíì, mo tún un ṣírò.

Ìyá alága ló gbé mi padà sí ibùdókọ̀. Mo ní èló ni. Wọ́n ní kí n wá bá wọn fọ bàálù ní Sátidé. Mo ti ra kànìnkànìn.